Kọ̀ǹpútà Tó Ń Bá Mi Kí Àwọn Àna Mi

Tí mo bá rántí ọdún yẹn, ohun tó kọ́kọ́ máa ń dún sí mi létí ni fáànù inú kọ̀ǹpútà. Ó máa ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí tí kò tíì fẹ́ dìde. Tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, ara rẹ̀ á gbóná débi tí mo lè gbé ife tíì tì í kó má baà tutù. Orí tábìlì tí ìyàwó mi ti máa ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ ni mo gbé e sí, nínú yàrá wa ní Súrùlérè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ rẹ̀ wà. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni láti ibùsùn dé ìdí tábìlì náà. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, ìrìn tí mò ń rìn lójúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Ìyàwó mi ló kú. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Àìsàn náà kò pẹ́, àwọn dókítà ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe, a sì sin ín bó ṣe yẹ ká sin olùkọ́ àgbà tó tún jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi ni pé òun ló ń bá mi bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí ni wọ́n sì fi mí sí. Fáìlì kì í bi èèyàn ní ìbéèrè. Ìyàwó mi ló mọ ẹni tó bímọ, ẹni tó ń ṣílé, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, àti ẹni tí a gbọ́dọ̀ pè kí ilẹ̀ tó ṣú kó má baà bínú. Tó bá pè wọ́n tán, á yíjú sí mi, á ní, "Mo ti bá yín kí wọn." Èmi á ní ó ṣé. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe ọmọlúàbí lọ́nà yẹn láìla ẹnu.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni fóònù bẹ̀rẹ̀. Kí n tó jí láàárọ̀, ẹ kú ará fẹ́ra kù mẹ́jọ ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú àdúrà mẹ́rin àti àwòrán òdòdó tó ń kọ mànà. Èèyàn dáadáa ni gbogbo wọn. Àmọ́ tí fóònù náà bá ti dún, àyà mi á já, ọwọ́ mi á wúwo, màá sì kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. N kò lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì mọ́. N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo máa ń dìde níbi tí ìjọ bá ti dìde. Nígbà tó yá, mo ń jókòó. Nígbà tó tún yá sí i, orí ìdùbúlẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù, tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, mo sì ń sún un síwájú tí ọ̀rọ̀ bá ti ń gùn jù. Mo sọ fún ara mi pé ayé ti lajú, èmi náà sì lajú.

Ọmọ wa obìnrin tó wà lókè òkun ló fi kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́. N kò ní purọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà náà. Kò bi mí rí bóyá mo ti jẹun, kò sì sọ fún mi rí pé Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ní ìgbéraga. Mo fi orúkọ ìyàwó mi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà, ó ní kò lágbára tó. Ó ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé kò mọ obìnrin náà rárá. Ìgbà tí mo bá ní nǹkan kánjúkánjú láti ṣe ló máa ń ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe, kí n má pa òun, á wá máa yí bírí níwájú mi fún odindi wákàtí. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí n fi hàn pé èèyàn ni mí, pé n kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó to àwòrán mẹ́sàn-án síwájú mi, ó ní kí n tọ́ka sí èyí tí afárá wà nínú wọn. Èmi tí mo ti gun gbogbo afárá Èkó! Mo tọ́ka, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùnà. Mo bú u dáadáa lọ́jọ́ yẹn. N kò mọ̀ pé ó ti rí nǹkan kan lára mi.

Ibi tí mo ti ń jà pẹ̀lú rẹ̀ báyìí ni mo ti rí i pé ó lè máa bá èèyàn dáhùn ọ̀rọ̀ tó bá wọlé sórí fóònù. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì, mo sì kọ ìdáhùn mẹ́ta sílẹ̀ fún un, nítorí gbogbo ọdún tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ti fi yé mi pé kò sí ọ̀rọ̀ tí mẹ́ta wọ̀nyí kò lè parí. Tí wọ́n bá dárúkọ Ọlọ́run nínú ọ̀rọ̀ náà, kó dáhùn pé, "Àmín, ẹ̀yin náà." Tí àmì ìbéèrè bá wà ní ìparí rẹ̀, kó ní, "Bí ẹ ṣe wí náà ló dáa." Ohunkóhun mìíràn, kó ní, "Ẹ ṣé o, mo wà dáadáa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣiṣẹ́. Oṣù méje gbáko ló fi ṣiṣẹ́, n kò sì ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní mo ti ń gba kámú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fẹ̀yìntì ní òun kò mọ̀ pé mo yá mọ́ èèyàn tó báyìí. Ọmọ mi pè mí láti òkè òkun, ó ní, "Dádì, inú mi dùn o. Ẹ ti wá ń dáhùn kíákíá ju ìgbà tí Mọ́mì wà lọ." Ìyẹn dùn mí díẹ̀, àmọ́ mo fi ṣe ẹ̀rín. Mo padà sórí ibùsùn mi, níbi tí mo ti ń wo àjà.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo gbọ́ ohùn ní géètì.

"Ẹ kú ilé o! Àna, ẹ wá ṣílẹ̀kùn, oòrùn ń pa wá!"

Àǹtí ni. Àwọn ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ọmọ ìyá kan náà, àwọn méjì péré sì ni ìyá wọn bí. Ẹ̀bútè Mẹ́ta ni wọ́n ń gbé. Wọ́n mú obìnrin méjì nínú ẹbí dání, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé báàgì ńlá irú èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù lọ sírìn àjò. Òfìfo ni àwọn báàgì náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Àǹtí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Àwa rèé, bí a ṣe jọ fẹnu kò."

"Lórí kí ni, mà?"

"Lórí aṣọ ni. Ẹ wá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀."

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ló yẹ kí ẹbí ti pín aṣọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn. Wọ́n ti wá lẹ́ẹ̀kan nígbà yẹn, mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Mo máa ń ṣí i láàárọ̀, màá tún tì í. Àǹtí na fóònù wọn sí mi. Ọ̀rọ̀ wọn ti ọjọ́ Túsìdeè ló wà níbẹ̀: "Àna, ṣé kí a wá kó aṣọ àbúrò mi ní Sátidé, ká pín in fún ẹbí?" Ìdáhùn mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó dúró ṣinṣin: "Bí ẹ ṣe wí náà ló dáa."

"Ìṣẹ́jú kan ò pé tí ẹ fi dáhùn," Àǹtí ní. "Mo sọ fún àwọn wọ̀nyí pé, ẹ wò ó, ọkàn àna wa ti balẹ̀."

Tí mo bá dákẹ́, aṣọ náà ń lọ nìyẹn. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo ní láti jẹ́wọ́. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú irọ́ kékeré kan. Mo ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ti sọnù.

Èyí tó kéré jù nínú àwọn obìnrin náà ti dé inú yàrá. "Òun rèé lára ilẹ̀kùn rẹ̀, sà."

Mo wá jẹ́wọ́. Mo ní, "Àǹtí, èmi kọ́ ni mo dáhùn ọ̀rọ̀ yẹn."

"Ta wá ni?"

Mo mú wọn wọnú yàrá, mo nawọ́ sí ìdí tábìlì. Àǹtí kò wo kọ̀ǹpútà. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wo abẹ́ tábìlì, wọ́n tún bẹ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wò. "Obìnrin wo nìyẹn? Kó jáde síta! Oṣù mẹ́wàá péré, obìnrin ti ń tẹ fóònù yín!"

Ó gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó lè ṣàlàyé. Nígbà tó yé wọn, wọ́n jókòó sórí ibùsùn, wọ́n gbé fóònù wọn sórí itan, wọ́n sì kọ̀wé sí mi níṣojú mi: "Ilé mi ń jó." Kíá ni ìdáhùn wọlé. Wọ́n kà á sókè: "Ẹ ṣé o, mo wà dáadáa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé."

Àwọn obìnrin méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún kọ òmíràn: "Ọlọ́run á bi yín léèrè." Ó ní, "Àmín, ẹ̀yin náà." Wọ́n wò mí, wọ́n tún kọ ẹ̀kẹta: "Ṣé kí n gbá yín létí?" Ó ní, "Bí ẹ ṣe wí náà ló dáa."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ti wà nílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu ilẹ̀. Àǹtí dìde, wọ́n lọ kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú tábìlì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," wọ́n sọ fún kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀yin lẹ ti ń bá wa ṣe àna láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ ò tiẹ̀ ní jókòó?" Wọ́n wá kọjú sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ àbúrò wọn, wọn kò pè mí ní "o" rí. "Ìwọ, wá kà á."

"Kí n ka kí ni, mà?"

"Gbogbo ohun tí mo sọ fún ẹ̀rọ rẹ. Kà á sókè."

Mo kà á. Mo rò pé ẹ kú ojúmọ́ àti àdúrà ni. "Àna, mo lá àlá rẹ̀ lánàá, ó ń dì mí nírun." Ẹ ṣé o, mo wà dáadáa. "Àna, n kò rí oorun sùn mọ́, mi ò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀." Ẹ ṣé o, mo wà dáadáa. "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ máa wá sílé, ká jọ jókòó?" Bí ẹ ṣe wí náà ló dáa. Níbẹ̀ ni mo ti gbé fóònù sílẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì. Àǹtí ní, "Mo ṣe ọbẹ̀ dè ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń gbé e kaná." Wọ́n gbé báàgì wọn. "Ó tó. A ò ní kó nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mi ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Mo dé ìdí kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo sì ṣí i gbayawu. Mo yọ aṣọ kan, mo ní èyí ni ó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ di olùkọ́ àgbà, tí bọ́tìnnì rẹ̀ já níwájú àwọn òbí, tó fi ìwé orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì bo àyà títí ètò fi parí. Àǹtí jókòó padà. Mo yọ òmíràn. Bí mo ṣe ń yọ wọ́n ni mò ń sọ̀rọ̀, títí di ìrọ̀lẹ́. Mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe sọ ọ́ ní odindi oṣù mẹ́wàá lọ, ẹnu tiẹ̀ dùn mí. Nígbà tí mo yọ ìró aláró kan, tí mo ní èyí kò ní lọ, Àǹtí já a gbà lọ́wọ́ mi. "Tèmi ni! Ó jí i lápótí mi ká tó fi í fún ọ níyàwó. Olè ni ìyàwó ẹ!" Ẹ̀rín ni mo rín. Súẹ́tà aláwọ̀ eérú tó máa ń wọ̀ tó bá ń ṣọ́ ìdánwò ni mo mú. Àwọn aṣọ yòókù bá wọn lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Àǹtí mú mi lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn ní Yaba. Ẹ mọ bí orúkọ Yaba ṣe rí létí ọmọ Èkó: ọsibítù àwọn wèrè ni wọ́n máa ń rò. Àǹtí pariwo fún ọlọ́kọ̀ pé, "Yaba o! Àna mi fẹ́ rí dókítà!" Obìnrin tó jókòó tì mí rọra sún díẹ̀, ó sì gbé àpò rẹ̀ sí apá kejì. Dókítà náà ní ìbànújẹ́ mi ti di àìsàn, pé ó ní oògùn, ó sì ní ìtọ́jú. Ó béèrè ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ nílé. Kí n tó la ẹnu, Àǹtí ti dáhùn: "Kọ̀ǹpútà ni, dókítà."

Kọ̀ǹpútà náà ṣì wà. Òun ni mo fi ń kọ èyí, n kò bá a ṣọ̀tá. Kò ṣe ju ohun tí mo rán an lọ. Mo ti pa ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Èmi fúnra mi ni mo ń dáhùn báyìí, mo máa ń pẹ́, mo sì máa ń ṣì í. Ọjọ́ mìíràn wà tí ọwọ́ mi ṣì ń wúwo. Mo máa ń sọ fún wọn pé ó wúwo.

Àǹtí kò tíì fọkàn tán mi. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń dán mi wò. Ní àárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń kọ ìlà tó ṣáájú èyí, fóònù dún. "Ilé mi ń jó." Àyà mi já díẹ̀, bó ṣe máa ń já. Mo wo ọ̀rọ̀ náà, mo sì tẹ ìdáhùn mi, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn: "Ẹ má tíì pa á. Mò ń bọ̀ wá yáná."

Bàtà mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí mo bá kọjá Costain kí oòrùn tó le, ọbẹ̀ Àǹtí á ṣì gbóná.