Ọmọ Tó Ń Bá Oorun Jà

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọkùnrin tó ń dá tọ́ ọmọ kò pọ̀, ojú ara mi ni mo sì fi rí gbogbo rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ya irun ọmọbìnrin, kọ́kọ́ fi omi àti òróró àgbọn rin ín kí o tó ti ìyarun bọ̀ ọ́. Bí ògì bá gbóná, má sọ fún un pé ó ti tutù. Ọmọ tí ògì bá jó lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan kò ní la ẹnu fún ọ mọ́ títí di ọ̀sán. Bí ó bá kọ oúnjẹ, má lù ú. Gbé abọ́ tìrẹ kalẹ̀, máa jẹun, má wò ó, yóò wá bá ọ. Bí o bá sì máa pọ̀n ọ́n, wá ọ̀já tó gùn dáadáa, nítorí àwa ọkùnrin ò ní ìdí tí aṣọ lè dúró lé.

Láàárín ọdún kan ni mo kọ́ gbogbo èyí, ní ilé wa ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́yìn ikú ìyàwó mi. Ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló pa ìyá rẹ̀, n kò sì fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Láràárọ̀ ni mo ń pọ̀n ọ́n dé ojú títì ká tó wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Àwọn obìnrin tó ń din àkàrà á pàtẹ́wọ́, wọn a ní, “Ìyá ìkókó, ẹ kú ọmọ o!” Ọ̀kan nínú wọn máa ń bá mi tún ọ̀já náà so, á sì máa bú mi bó ti ń so ó. Ní Alágbàka, mo máa ń gbé ọmọ náà fún obìnrin kan tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ tọ́jú ọmọ, èmi á wá gba ọ́fíìsì lọ. Inú mi máa ń dùn nígbà náà. Ó ń tì mí lójú láti sọ ọ́, torí inú ọ̀fọ̀ ni mo wà, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn.

Àwọn èèyàn mi kò fara mọ́ ọn pé kí n máa dá tọ́ ọmọ. Lójú tiwọn, ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá kú, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló yẹ kó wà. Oǹdó ni ìyá ìyàwó mi ń gbé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ní sùúrù. Odindi ọdún kan ni kò fi bi mí ní ìbéèrè kankan.

Lọ́jọ́ kan ni gìrì gbé ọmọ náà. Ìpàdé ni mo wà, mo sì ti pa fóònù mi. Nígbà tí màá fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Ìgbà tí mo bá wọn níbẹ̀, gìrì ti lọ, ibà ti ń rọlẹ̀, ọmọ mi sì ń wo òrùlé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní, “Gbé e lọ ulé ìyá ìyá rẹ̀, kó má baà kú mọ́ ọ lọ́wọ́.”

Ní ọjọ́ kejì, mo pe Oǹdó. Èmi àti ìyá ìyàwó mi jọ fohùn ṣọ̀kan pé yóò wà ní Oǹdó títí yóò fi tó ilé ìwé lọ, kó tó padà sọ́dọ̀ mi. Ìlérí yẹn ni mo dì mú. Mo ń sọ fún ara mi pé mi ò fi ọmọ mi sílẹ̀, mo kàn gbé e pamọ́ ni.

Ọjọ́ Sátidé la lọ. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Ọ̀wẹnà, mo ra ìpékeré fún un, ó sì jẹ ẹ́ títí a fi wọ Oǹdó. Màmá, ìyá ìyàwó mi, se ìrẹsì dè wá. Ọmọ náà jẹun yó, ó sùn. Ni Màmá bá wá bá mi, ó fi ìka lé ètè.

“Dìde báyìí. Má jẹ́ kó rí ọ.”

“Màmá, ṣé kí n má dágbére fún un ni?”

“Ta ní ń dágbére fún ọmọ ọdún méjì? Ẹkún lo fẹ́ kó sun kí ibà rẹ̀ tún dé. Bọ́ fìlà rẹ sórí àga. Bó bá jí tó rí i, a ó ní o wà ní ilé ìwẹ̀.”

N kò lè ní ó burú. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. Bí ìyá mi bá ń lọ oko, ẹnìkan á pè mí sẹ́yìnkùlé wá wo adìyẹ. Nígbà tí màá fi padà, ìyá mi ti lọ. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Mo bọ́ fìlà mi, mo mú bàtà mi lọ́wọ́, mo gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jáde bí olè. Màmá pè mí nírọ̀lẹ́, ó ní ó sunkún díẹ̀, ó ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé ọmọ náà gbé fìlà náà káàkiri gbogbo yàrá, tó ń wá orí tí yóò dé e sí.

Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ. Ní Sátidé kejì, ó sáré wá pàdé mi, ó jẹun, ó sùn, mo sá. Ní ẹ̀kẹta, kò jẹun. Ní ẹ̀kẹrin, ó fi ọwọ́ kan di etí ṣẹ́ẹ̀tì mi mú, ó fi èkejì jẹun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá rí i pé ó ń bá oorun jà. Orí rẹ̀ á gbọ̀n wálẹ̀, á ta jí, á dìde, á rìn yí àga ká, á tún padà wá di ṣòkòtò mi mú. Ojú rẹ̀ á pọ́n. Á ní, “Mi ò sùn. Dádì, mi ò sùn.” Èmi ni mo ń gbé e sáyà, èmi ni mo ń kọrin sí i létí títí oorun fi ń gbé e lọ. Síbẹ̀, mo ń sá lọ. Mo ti dárí ji ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi, mi ò tíì lè dárí ji ara mi lórí orin yẹn.

Nígbà tó fi ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, bó bá ti rí mi lẹ́nu géètì báyìí, igbe ló ń fi ta. Ó ti mọ̀ pé bí mo bá dé, mo fẹ́ lọ nìyẹn. Màmá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ọkọ ọmọ mi, má bínú sí mi. Má tíì wá fún ìgbà díẹ̀. Bó o bá ti lọ, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni kì í fi jẹun dáadáa.”

Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ta ni màá bínú sí? Mo dúró sí Ọ̀bà-Ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo gba ilé ìwé fún un, ìyẹn èyí tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé. Mo rán yúnífọ́ọ̀mù, mo kàn fojú díwọ̀n rẹ̀ ni. Mo fọ ilé. Ní alẹ́ Jímọ̀, ayọ̀ kò jẹ́ kí n sùn, nítorí mo fẹ́ lọ mú ọmọ mi bọ̀ wálé.

Mo bá òun àti Màmá lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo ti múra de igbe. Kò ké. Ó dìde, ó gbọn èèpo kúrò lára, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, sà.”

Ó wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi wá fún mi nínú ife, kò sì dà á sílẹ̀. Inú Màmá dùn, ó ní, “Ṣé o rí i bó ti gbọ́n?” Mo mu omi náà.

Mo bi í pé, “Ta ni mí?”

“Dádì.”

Kò gbàgbé mi. Ká ní ó gbàgbé mi ni, ì bá dùn mí mọ níwọ̀n. Mo sọ fún un pé mo wá mú un lọ sí ilé wa, pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó ń wo ẹnu mi bí mo ti ń sọ ọ́, bí ìgbà tí èèyàn ń gbọ́ ìtàn tó ti gbọ́ rí. Nígbà tí mo parí, ó fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ pa mí lórúnkún bí ẹni ń tù mí nínú.

“Ẹ máa lọ, sà. Mi ò ní sunkún.”

Ó padà lọ jókòó ti Màmá, ó mú ẹ̀gúsí kan, ó ń bó o. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, n kò tíì tiẹ̀ dìde lórí àga.