Ohun tí Mùínátù Sọ ní Ọsibítù

Aránṣọ ni Àsíátù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́dún 1984, wọ́n gún Mùínátù, àbúrò rẹ̀, lọ́bẹ. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, Mùínátù sọ fún un pé ọkọ òun àtijọ́ ló gún òun. Ọjọ́ kejì ló kú.

Ní kóòtù, lọ́yà ọkùnrin náà bi Àsíátù pé, "Nígbà tó ń sọ ọ́, ṣé ó rò pé òun máa kú?"

Àsíátù ti fi Kùránì búra. "Rárá, sà. Ó ní kí n rán bùbá tí òun máa wọ̀ relé."

Adájọ́ ní nígbà tí Mùínátù kò rò pé ikú súnmọ́ òun, òfin kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́rìí. Ẹ̀rí mìíràn kò sì sí. Wọ́n dá ọkùnrin náà sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò purọ́?" Síkírù, ọkọ Àsíátù, bi í níta.

"Mo ti búra," ló wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.