Omi Ẹ̀rọ Ojúlé Wa ní Abúlé Òkúta

Òórùn irin tó ti dípẹtà ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi ojúlé wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí omi tó dé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ẹ̀rọ náà ti gbẹ. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni, gbogbo Abúlé Òkúta sì ń retí pé nǹkan á dára. Omi náà kọ́kọ́ pupa bíi tíì, nígbà tó yá ó mọ́ gaara. Àwọn ará ilé to kẹ́ẹ̀gì àti korobá dé ẹnu géètì. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, omi ń kán lára ìró rẹ̀.

Ṣáájú ìgbà yẹn, omi kànga là ń mu. Ìyá mi a sè é lórí sítóòfù, a fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. "Ẹ ò gbọdọ̀ mu omi tí n kò bá sè," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bàbá mi, tó ń gé ìwé nílé ìtẹ̀wé kan ní òpópónà Bajulaiye, kò fẹ́ràn omi sísè. Ó ní ó ń rùn kẹrosíìnì. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yọ yìí, ó bu ife kan mu tán, ó ní, "Ìyá Bísí, pa sítóòfù yẹn. Ìjọba ti bá wa sè é." Ìyá mi pa á, láti ọjọ́ náà la sì ti ń mu omi ẹ̀rọ láìsè é.

Èmi ni Bísí. Fúnmi ni àbúrò mi, orí ẹní kan náà la jọ ń sùn.

Nígbà òjò, gọ́tà iwájú ilé kún, kò fà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí a ṣe ń múra ilé-ìwé, Fúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, ó ń bì. Kó tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti jìn, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ti hunjọ bíi ti ẹni tó fọṣọ pẹ́. Ìyá mi pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní, "Onígbáméjì ni, màámi. Ó ti pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e wá." Aṣọ tó fi pọ̀n ọ́n nìkan ni ìyá mi mú bọ̀ wálé.

Ìgbà tí ilé mìíràn náà ti pàdánù ọmọ ni àwọn òṣìṣẹ́ omi tó wá wúlẹ̀. Abẹ́ gọ́tà ni páìpù gbà kọjá, ó sì ti là. Ìgbàkigbà tí omi ẹ̀rọ bá dá, ẹ̀gbin gọ́tà àti ti ṣalángá á wọnú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún bàbá mi pé, "Bàbá, wọ́n ń da oògùn apakòkòrò sí i níbi tó ti ń bọ̀. Ibí ló ti ń bàjẹ́." Bàbá mi dúró ti kòtò náà títí wọ́n fi dí i.

Láti ọjọ́ kejì ló ti gba omi sísè lọ́wọ́ ìyá mi. Kó tó lọ síbi iṣẹ́, á dúró ti ìkòkò títí omi á fi hó dáadáa, kì í jókòó. Kò dárúkọ Fúnmi mọ́ títí ó fi kú.

Mo bínú sí i gan-an nígbà èwe mi. Mo ń retí kó sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun ṣìṣe. Ní báyìí, mo ti dàgbà ju bó ṣe wà nígbà náà lọ, èmi náà ti bímọ. Bí àbígbẹ̀yìn mi bá béèrè omi, mo máa ń gbé ife náà síbi ìmọ́lẹ̀, kí n wò ó. N kì í rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bàbá mi náà ò rí nǹkan kan.