Òkúta Tí Salomé Gbẹ́

Láti ọjọ́ tí Aloyse ti já bọ́ láti ara ilé gogoro kàtídírà, tó sì kú, ni Ernestine, ìyàwó rẹ̀, kò ti gbójú sókè wo ibẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ Aloyse ni kó máa yọ òkúta tí òjò àti yìnyín ti jẹ kúrò lára ògiri, kó gbẹ́ tuntun rọ́pò rẹ̀. Pákó tó dúró lé ló yẹ̀. Ernestine, tó ń ta búrẹ́dì ní ojúde ṣọ́ọ̀ṣì náà, ló dá tọ́ Salomé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

Nígbà tí Salomé dàgbà, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló lọ kọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Ernestine wọ egungun. Wọ́n jọ ń jẹun, wọn kì í sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Nígbà tí Salomé bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wo òkúta àkọ́kọ́ tí òun dá gbẹ́, ó kọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ṣàdédé ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n máa lọ.

Àtẹ̀gùn inú ilé gogoro náà ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ó há débi pé èjìká Ernestine ń ha ògiri. Nígbà tí wọ́n dé ibi fèrèsé tóóró kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lọ mọ́. Salomé kò fà á. Ó jókòó tì í títí ọkàn rẹ̀ fi wálẹ̀.

Lókè, Salomé fi òkúta náà hàn án: ó gbẹ́ ewé àjàrà sí i, ó funfun láàárín àwọn òkúta tó ti dúdú. Ernestine fọwọ́ kàn án. Ìgbà náà ló rí pákó tí wọ́n so mọ́ ògiri.

"Ṣé orí ìyẹn lo máa ń dúró sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo máa ń so okùn mọ́ra."

"Bàbá ẹ náà máa ń so ó. Ọjọ́ kan péré ló gbàgbé."

Salomé fọwọ́ nu eruku kúrò lára ewé àjàrà náà. "Ẹ ṣáà sọ fún mi bóyá ó dáa."

"Ó dáa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Àwọn tó gbà ẹ́ síṣẹ́ ò ní jẹ́ kó o sọ̀kalẹ̀ mọ́."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀, Ernestine di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó le, ó rí págunpàgun bíi ti Aloyse.

Ní Mọ́ńdè, ó di búrẹ́dì àti wàràkàṣì fún Salomé lọ sẹ́nu iṣẹ́, ohun tí kò ṣe rí. Òun fúnra rẹ̀ kò lè jẹun títí Salomé fi wọlé nírọ̀lẹ́.