Ìwé Tí Mo Kúnlẹ̀ Yàn

Nígbà tí mo wà ní ọmọdébìnrin ní Ìjẹ̀bú-Igbó, láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìwé kì í ṣe ohun tí ọmọ kàn ń rà ṣeré. Lọ́dún tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ mọ́dà tí à ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo gba ipò kìíní. Ọ̀gá ilé ìwé wa gbé ìwé méjì sórí tábìlì níṣojú àwọn òbí, ó ní kí n mú ọ̀kan. Lọ́yà kan ló kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ sínú èkíní, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan ló kọ èkejì. Ọ̀gá ní iṣẹ́ fi ojú àwọn méjèèjì rí màbo: ẹjọ́ kò jẹ́ kí lọ́yà sùn, aboyún kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì sùn.

Bàbá mi wà níwájú. Agégẹdú ni. Ilẹ̀ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ wà ní kóòtù, ó sì ti pinnu pé èmi ni n ó di lọ́yà tí yóò gbà á padà. Ó ń fi ojú sọ fún mi pé ti lọ́yà ni kí n mú. Mo rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyá ọ̀rẹ́ mi kú lórí ìkúnlẹ̀ lọ́dún náà, kò sì kúrò lọ́kàn mi. Mo kúnlẹ̀ fún ọ̀gá bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé, mo sì mú ti nọ́ọ̀sì.

Nígbà tí a délé, inú bí bàbá mi gan-an. "Dá a padà lọ́la, kí o gba ti lọ́yà bọ̀!"

Mo bú sẹ́kún. Ìyá bàbá mi wá bi mí bóyá ìdúró ni mo wà nígbà tí mo mú un. Mo ní rárá, mo kúnlẹ̀ ni. Ló bá kọjú sí ọmọ rẹ̀: "O gbọ́? Ó kúnlẹ̀, ó yàn. Lèsí pàrọ̀ àkúnlẹ̀yàn rẹ̀ rí? Mẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ rí o!" Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan pààrọ̀ ohun tó kúnlẹ̀ yàn.

Ẹ ò rí ìyá arúgbó, tó sọ ẹ̀kọ́ ilé di kádàrá! Bàbá mi ní kí n gbé ìwé mi wọlé.

Mo di nọ́ọ̀sì, mo sì ṣiṣẹ́ dé Abigi àti Ibiade, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé aboyún wá. Mi ò kábàámọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ mú òmíràn nírọ̀lẹ́, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Tiwa, ẹ̀ẹ̀kan là ń yàn. Lọ́yà àjèjì ló bá bàbá mi ro ẹjọ́, ilẹ̀ náà sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Kò fi bú mi rí títí ó fi kú. Ilé onílé ló kún ibẹ̀ báyìí. Bí ọ̀nà bá gbé mi gba ibẹ̀, òdìkejì ni mo máa ń wò.