Ìyá Ìjọ Tí Kò Fún Ìjọ Rẹ̀ Ní Gbọ̀ngàn

Ìyá àgbà mi ń fi ìgbálẹ̀ gbá omi òjò jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀ nígbà tí pásítọ̀ ìjọ wa wọlé, tó fa ṣòkòtò sókè, tó sì gbé bàtà lọ́wọ́. Ìjì ọ̀sán àná ti ká gbogbo páànù orí ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Ọ̀kan há sórí wáyà iná lójú títì, ó sì ń dún gbàgà-gbàgà bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́. Òórùn Dẹtọ́ọ̀lù gba gbogbo ibẹ̀ kan, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì káńsù ń bọ̀ wá gún àwọn ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ ti rí ohun tójú wa rí," ni pásítọ̀ wí. "Gbọ̀ngàn yìí la fẹ́ máa lò lọ́jọ́ Sọ́ńdè títí a ó fi kan páànù míì."

Ìyá àgbà mi kò dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, pásítọ̀. Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ti gbọ̀ngàn yìí, kò ní ṣeé ṣe."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Ìyá Ìjọ ni ìyá àgbà mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àga tirẹ̀ ló wà níwájú pátápátá, òun ni àwọn ìyàwó tuntun máa ń kúnlẹ̀ fún kí wọ́n tó lọ sílé ọkọ. Kò sí ohun tó fẹ́ràn ju ìjọ yẹn lọ, àfi bóyá èmi.

Káńsù ló fún àdúgbò nílẹ̀ gbọ̀ngàn náà, ojúlé kọ̀ọ̀kan sì gbé búlọ́ọ̀kù wá. Ìyá àgbà mi ni wọ́n ní kó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, torí pé ilé wa ló kọjú sí i. Ó wá dà bí ìjọba lórí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àlùmánáàkì ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí wá láti fi kọ́ ògiri, á gbà á, á yẹ̀ ẹ́ wò tìyìn-tìyìn, á ní, "Ó mà rẹwà o. Ẹ gbé e lọ sí pálọ̀ yín." Ti ṣọ́ọ̀ṣì tiwa gan-an, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kọ́ ọ sí.

Ti àdúrà ìpàdé tún wà níbẹ̀. Bó ṣe máa ń rí l'Ékòó ni pé Onígbàgbọ́ á gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, Mùsùlùmí á gba ti ìparí, inú gbogbo èèyàn á sì dùn pé a kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Àmọ́ bàbá kan wà láàrin wa tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe lápá ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà. Ògún ni bàbá náà ń bọ, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan ìyá àgbà mi bi í lójú gbogbo ìpàdé pé, "Tiyín ńkọ́, ta ló bá yín gbà á?" Bàbá náà kàn ń họrí. Láti ọjọ́ náà ló ti di pé kí kálukú dákẹ́, kó bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú. Ẹ wo wàhálà! Àwa tí a kì í mọ̀ pé Ọlọ́run gbọ́ àfi tí a bá pariwo! Ẹnu àwọn kan á máa mì wúyẹ́wúyẹ́, tẹ̀sùbáà Alhájì tó ni ilé kejì á máa dún, ìyá kan á sì ti sùn lọ fọnfọn. Ẹ̀rín máa ń fẹ́ pa mí.

Nígbà tí pásítọ̀ rí i pé kì í ṣe àwàdà, ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Mo rí ọmọ náà," ni ìyá àgbà mi fèsì. "Ẹ̀yìn tèmi ni n ó fi pọ̀n ọ́n. Ẹ kó wọn wá sílé mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Alhájì alára wá bẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó jàre. Inú ò bí wa. Ta ló fẹ́ sọ pé rárá fún yín ládùúgbò yìí?"

"Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, Alhájì. Torí tèmi lẹ ṣe gbà. Bí ẹni tẹ́ ò fẹ́ràn bá wá tọrọ ẹ̀ lọ́la ńkọ́? Ìyá tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ máa rò ó pé ilé ta lòun wọ̀ yìí."

Alhájì mi orí. "Ẹ ò ṣeé bá jiyàn."

Ìyá àgbà mi lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé wa, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn fún ariwo tó ń bọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Sọ́ńdè, a gbé àga onítìmùtìmù jáde sí ẹ̀yìnkùlé, a tẹ́ ẹní, ìjọ sì kún pálọ̀ wa débi pé àwọn akọrin dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì. Orin ń lọ, ìrẹsì ń hó, òórùn àlùbọ́sà ń bá àdúrà gòkè. Inú mi dùn débi pé mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí páànù má tètè dé.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ìjọ ti bínú. Wọ́n ń pè é ní ìyá ìjọ tó tìlẹ̀kùn mọ́ ìjọ, wọ́n sì fi ẹlòmíràn sí ìjókòó iwájú, nínú pálọ̀ tirẹ̀, lórí àga onígi tó fi owó ara rẹ̀ rà! Ìyá àgbà mi jókòó sórí àpótí nítòsí ìkòkò. Ó dùn ún. Mo rí i tó ń fi ìṣẹ́tí ìró nu ojú láàrin orin. Inú bí mi sí wọn, kí n má parọ́, ó sì ń bí mi díẹ̀ títí dòní.

Wọ́n kan páànù tán, ìjọ padà sí ààyè wọn. Kò pẹ́ sígbà náà tí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan láti ìta fi gbé jíìpù dé ìpàdé àdúgbò. Wọ́n fẹ́ gba gbọ̀ngàn náà pátápátá, wọ́n á tẹ́ táìlì sí i, wọ́n á fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Ojú àwọn ọ̀dọ́ ń dán. Bàbá mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ dìde.

"Ìyá yìí ò gbé e fún ìjọ tiẹ̀. Ta wá ni ẹ̀yin?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó ni jíìpù náà sì dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Pásítọ̀ wa wà níbẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó tẹrí ba. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó wá fa ìyá àgbà mi lọ́wọ́ níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pé kó bọ́ síwájú. Ìyá àgbà mi ní fáànù ń fẹ́ sí òun dáadáa níbi tí òun wà.

Èmi ni mò ń darí ilé ìwé ìjọba kan lápá ibẹ̀ báyìí. Àwọn ará ìjọ mi ti wá bá mi rí pẹ̀lú ẹ̀rín pé kí n fún wọn ní kíláàsì kan lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo pè wọ́n wá sílé mi. Ọkọ mi ṣì ń ráhùn nípa kápẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n bá bi mí bóyá ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà mí, mo máa ń rántí ọ̀sán Sọ́ńdè tí èmi pẹ̀lú ìyá àgbà mi jọ ń ká ẹní. Ojú rẹ̀ ṣì pọ́n látàrí ẹkún. Mo bi í bóyá Ọlọ́run ò ní bínú pé kò jẹ́ kí Òun wọ gbọ̀ngàn. Ó wò mí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló máa bínú sí? Ṣé kò mọlé mi ni?"