Bọ́ńpà Ẹ̀yìn Tí Bàbá Mi Wá Kiri Mushin

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé tí wọ́n ń rán níṣẹ́ káàkiri Àgùdà, ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí a ń gbé. Àwọ̀ ewé ni, iwájú rẹ̀ rí roboto bí ìkòkò, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, gbogbo ojúlé ló máa gbọ́. Ẹ má rò pé ọkọ̀ bàbá mi ni o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ín, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Iléṣà. Ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń kó obì wá sí Èkó láti ilé, èrè tí wọ́n sì ń rí nídìí rẹ̀ ni wọ́n fi rán bàbá mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama títí ó fi di akọ̀wé ìjọba. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Bàbá Iléṣà lẹ́nu tí wọn kò lè wa ọkọ̀ mọ́, wọ́n padà sílé, wọ́n sì fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ sọ́wọ́ bàbá mi. Wọn kò fi ta á lọ́rẹ. Wọ́n ní kí ó bá àwọn tọ́jú rẹ̀ títí ara yóò fi yá.

Bàbá mi sì tọ́jú rẹ̀. Ní àràárọ̀ Sátidé ló ń fọ̀ ọ́, òun fúnra rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Kì í gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láéláé. Ó ní bí òun bá gbé e lọ, àwọn ará ìjọ á rò pé tòun ni, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n máa kí òun kú oríire ohun tí kì í ṣe tòun. Irú ènìyàn tí bàbá mi jẹ́ nìyẹn, ohun tó sì mú kí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí sú mi títí dòní nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dáyé nígbà náà kò lè mọ̀ pé apá òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún tí ìjọba ní kí a kúrò níbẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún, orí dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Awakọ̀ lọ́rì kan tí kò mọ apá ibi tó yẹ kí ó wà ló fi ẹ̀yìn rìn wá kọlu píkọ́ọ̀pù náà ní Ojúẹlẹ́gba. Kò sí ẹni tó fara pa. Ara ọkọ̀ kò tilẹ̀ họ. Bọ́ńpà ẹ̀yìn nìkan ló wọ́. Bàbá mi gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń lu ara ọkọ̀ ní Pápá Àjàó. Ọkùnrin náà wò ó, ó ní iṣẹ́ kékeré ni, ó tú bọ́ńpà náà kúrò, ó ní kí bàbá mi padà wá ní ọjọ́ Ẹtì.

Kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọkùnrin yìí àti onílé rẹ̀. Onílé lé e jáde, ó sì pe àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù pé kí wọ́n wá kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ nínú ọgbà. Wọ́n kó bọ́ńpà wa mọ́ ọn. Nígbà tí bàbá mi débẹ̀, ọkùnrin náà jókòó lórí òkúta lẹ́yìn géètì, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Irin lásán ṣáà ni."

Olùkọ́ ni ìyá mi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, pé kí bàbá mi kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ náà kò yé ìyá mi. Ó ní báwo ni òun ṣe máa kọ̀wé sí ẹni tó tọ́ òun dàgbà pé ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ òun, òun kò lè mú un dúró ní odidi? Òun á wá irú bọ́ńpà náà gan-an, òun á dè é síbẹ̀, wọn kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ní kò ní ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri nìyẹn. Èmi ló ń mú lọ, nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀, mo sì mọ bí a ṣe ń na okùn kí ó má dẹ̀. Ó ti fi okùn kan wọn ìdí ọkọ̀ náà, ó ta kókó síbi tí bọ́ńpà gbọ́dọ̀ parí sí, ó sì ta kókó méjì mìíràn síbi tí ihò bóòtù gbọ́dọ̀ wà. Gbogbo Sátidé ni mo fi ń ká okùn yẹn mọ́ ọwọ́, láti Pápá Àjàó wọ inú Mushin lọ, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ rí pé òun kò ní in. Ẹni àkọ́kọ́ gbé èyí tó gùn ju okùn wa lọ jáde, ó ní òun gan-an nìyẹn. Mo na okùn, bàbá mi ní ó gùn jù. Ọkùnrin náà ní kí la fi ayùn ṣe? Òmíràn gbé bọ́ńpà iwájú wá. Nígbà tí bàbá mi sọ fún un pé ẹ̀yìn ni òun ń wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alàgbà, ẹ ṣáà yí i padà. Iwájú àti ẹ̀yìn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n." Òmíràn búra pé ọkọ̀ ojú omi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tòun dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé àtàǹpàkò mi wọ inú rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ wà tó fi ọ̀dà fàdákà kun páìpù omi fún wa. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ mi, ìyá mi sì fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí, kò lọ.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: á wọ̀ ọ́. Bí kò bá wọ̀ ọ́, a máa lù ú kó wọ̀ ọ́. Bàbá mi kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó máa ń dúpẹ́, á gbọn eruku kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, á ní kí n ká okùn. Sùúrù yẹn ló ń bí ìyá mi nínú jù. Ó ní bí bàbá mi bá lè bínú lẹ́ẹ̀kan péré, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí.

Nígbà tí a ṣì wà lẹ́nu èyí, Bàbá Iléṣà ránṣẹ́ nípasẹ̀ awakọ̀ èrò kan pé ẹsẹ̀ àwọn ti ń gbádùn, kí bàbá mi fi ọkọ̀ ránṣẹ́, àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò obì padà. Bàbá mi ní kí awakọ̀ náà sọ fún wọn pé ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Nígbà tí iṣẹ́ kejì dé, ó ní mẹkáníìkì rìnrìn àjò. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, ó ní wọ́n ń kùn ún. Ìyá mi gbọ́ eléyìí láti inú yàrá. Ó jáde wá lẹ́yìn tí awakọ̀ náà ti lọ, ó ní, "Olówó orí mi, ṣé ọkọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé mi yìí náà ló wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì?" Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a tún gba Mushin lọ.

Awakọ̀ kan náà yẹn ló wá sọ fún bàbá mi, láìmọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, pé òun rí irú ọkọ̀ náà ní Sábó, lẹ́yìn ilé ìyá kan tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì. A lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá náà, opó ni, ọkọ rẹ̀ ló ni ọkọ̀. Orí búlọ́ọ̀kù ló dúró sí, táyà kankan kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tapólì tó mọ́ ni wọ́n fi bò ó. Nígbà tí ìyá náà ká a sókè lẹ́yìn, mo gbọ́ bí bàbá mi ṣe mí kanlẹ̀. Mo na okùn. Kókó bọ́ sí orí ihò, kò yẹ̀ rárá. Bàbá mi ní iyekíye tí ìyá náà bá pè é, òun á san án. Ìyá ní kì í ṣe títà. Bàbá mi tún dá iye lé e. Ìyá ní, "Mo ní kì í ṣe títà, ẹ tún ń ná an." Ó sì bo ọkọ̀ rẹ̀.

Bàbá mi kò gbà. Ó bẹ ìyá mi, ó bẹ bàbá ìjọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo wa wọṣọ, a padà lọ sí Sábó. Bí ìyá náà ṣe rí wa tí a tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, "Ẹ ti wá tọrọ ìyàwó nìyẹn. Iṣu dà? Orógbó dà?" Bàbá ìjọ rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìyá náà fún wa ní àga, ó wá bi bàbá mi pé kí ló fẹ́ fi bọ́ńpà náà ṣe gan-an. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá àti òfin ojú pópó. Bàbá ìjọ yíjú wò ó. Ìyá mi ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin náà tán lẹ́nu bàbá mi, ó sì sọ òtítọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá náà gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Kí n wá bọ́ aṣọ lára ọkọ mi, kí ẹ lè fi tan ẹ̀gbọ́n yín jẹ?"

Kò pariwo. Ó fún wa ní omi tútù mu, ó bi mí pé kíláàsì wo ni mo wà, ó sì sìn wá dé títì. Nígbà tí a délé, bàbá mi gbé ìwé àti kálàmù sórí tábìlì. Ó jókòó tì í ní alẹ́ yẹn àti ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni mo rí tó kọ.

Kò parí rẹ̀ tí Bàbá Iléṣà fi dé. Wọn kò ránṣẹ́ ṣáájú, àgbà ẹbí méjì ló sì tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àgbà ẹbí bá tẹ̀ lé ènìyàn wá sílé ẹni láàárọ̀ kùtù, wọn kò wá jẹun. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò dìde. Láti orí ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti parọ́ fún yín. Ọkọ̀ kò sí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kankan. Bọ́ńpà ẹ̀yìn ló sọnù."

"Bọ́ńpà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọkọ̀ náà ńkọ́?"

Bàbá mi ní ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bàbá Iléṣà kò gbà á gbọ́. Wọ́n fi ọ̀pá wọn rìn yípo ilé, wọ́n rí ọkọ̀ wọn, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé iwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, Bàbá Iléṣà wò ó, ó dákẹ́. Wọ́n padà wá jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Mo ti sọ fún gbogbo ilé pé o ti ta á," ni wọ́n wí. "Mo sọ ọ́ nípàdé ẹbí. Bọ́ńpà lásán-làsàn, o jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ba orúkọ ọmọ ìyá mi jẹ́."

Bàbá mi sunkún. N kò rí i kí ó sunkún rí ṣáájú ìgbà náà. Ìyá mi ti wọ ilé lọ gbé omi kaná. Bàbá Iléṣà ní kí bàbá mi dìde, kí ó lọ wẹ̀, bàbá mi fúnra rẹ̀ ni yóò wa ọkọ̀ náà dé Iléṣà, kí gbogbo ẹbí rí i, kí wọ́n sì rí bàbá mi náà nídìí rẹ̀. Wọ́n fi okùn tí mo ti ń ká kiri di pákó kan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì lọ.

Wọ́n rí i lóòótọ́. Bàbá mi wà á jẹ́jẹ́ gba iwájú gbogbo ilé ẹbí kọjá, Bàbá Iléṣà jókòó tì í, wọ́n ń fi ọwọ́ lu ilẹ̀kùn kí àwọn ènìyàn lè jáde. Ọ̀pọ̀ bẹ bàbá mi. Ṣùgbọ́n àǹtí bàbá mi kan wà tí kò gbà títí ó fi kú. Ó ní ẹ má tan òun, àbúrò ti ta ti ẹ̀gbọ́n, ó sì lọ ra òmíràn tó jọ ọ́. Bí wọ́n bá ní báwo ló ṣe mọ̀, á ní ti Bàbá Iléṣà ní bọ́ńpà.

Ayé ti yí padà. Nígbà náà, bí nǹkan bá bàjẹ́ ní Àgùdà, ó di ìgbà tí awakọ̀ kan bá ń lọ kí wọ́n tó gbọ́ ní Iléṣà, ènìyàn sì lè fi àárín ìgbà yẹn pa irọ́ tó bá wù ú. Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ ọmọdé, a lè ya àwòrán ohun tó bàjẹ́ kí ẹni tó ni ín rí i kí a tó fọwọ́ gbá ilẹ̀ ibẹ̀. Síbẹ̀, àbúrò mi ọkùnrin yá ẹ̀rọ amúnáwá mi, láti ìgbà náà ló sì ti ń fi fóònù sọ fún mi pé mẹkáníìkì kò tíì parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Lánàá tó tún pè, n kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ jìnnà. Mo ní kí ó gbé e wá bó ṣe wà.